Kì í Ṣe Ẹ̀tẹ̀, Kì í Ṣe Làpálàpá: Ohun tí Ó Yẹ kí Gbogbo Ìdílé Mọ̀ nípa Sọráyásíìsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àìsàn awọ ara kan wà tí kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, tí kì í sì í ṣe làpálàpá, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwọn tí wọ́n pè é ní làpálàpá a máa fi ìpara tí kò bá a mu tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn tí wọ́n pè é ní ẹ̀tẹ̀ a máa sá fún ẹni tí ó ní in, wọn a ya àwo oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí ni sọráyásíìsì.

Ní ọjọ́ kan tí mo ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wọn, mo rí ìyá kan tí ó wọ bùbá alápá gígùn, tí ó sì fi gèlè bo orí rẹ̀ dé iwájú, bẹ́ẹ̀ ni ooru mú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó pọn ọmọ. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó súnmọ́ mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ọwọ́ mi yìí.” Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, olùkọ́ nípa ìlera ni mí, ṣùgbọ́n mo wò ó. Àpá nínípọn wà ní ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì, èépá funfun sì bò wọ́n. Ó sọ fún mi pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti fún ọmọ ní ọmú kẹ́yìn. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, àìsàn náà yóò ran ọmọ. Omi ògì ni wọ́n ń fún ọmọ oṣù mẹ́rin náà, ó sì ti ń rù.

Àìmọ̀ ni ó fẹ́ pa ọmọ yẹn lára. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baálé ilé, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹlòmíràn nínú ilé.

KÍ NI SỌRÁYÁSÍÌSÌ?

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé awọ ara kì í dúró lójú kan. Èérí tí kànrìnkàn ń gbé kúrò lára wa nígbà tí a bá ń wẹ̀ kì í ṣe eruku nìkan. Awọ tí ó ti gbó wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ awọ òkè ni ara ti ń ṣe awọ tuntun lójoojúmọ́. Awọ tuntun yìí a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ojú ara, níbi tí yóò ti gbó, tí yóò sì ṣí dànù. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ìrìn àjò yìí a máa gbà tó oṣù kan.

Lára ẹni tí ó ní sọráyásíìsì, ìrìn àjò kan náà kì í ju ọjọ́ 3 sí 7 lọ. Awọ tuntun ti dé ojú ara kí ti àtijọ́ tó rí àyè kúrò. Bí èrò ṣe máa ń kún gáréèjì nígbà tí àwọn tuntun ń dé, tí ọkọ̀ kò sì tíì gbé àwọn ti ìṣáájú lọ, bẹ́ẹ̀ ni awọ ṣe ń kórajọ síbi kan. Ibẹ̀ a wú, a nípọn, èépá funfun a sì bò ó.

Kí ni ó fà á tí awọ fi ń yára tó bẹ́ẹ̀? Ọlọ́run fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń bá kòkòrò àìsàn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ṣìnà. Wọ́n dojú kọ awọ ara bí ẹni pé ọ̀tá ni, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́dẹ tí ó ń na onílé nítorí pé ó rò pé olè ni. Ìjà yìí ni ó ń mú kí awọ gbóná, kí ó wú, kí ó sì máa ṣe ara rẹ̀ ní àṣejù.

Àìsàn bárakú ni. Ó lè lọ fún oṣù tàbí ọdún, kí ó tún padà wá. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà tí ó lè mú kí ara mọ́, kí ó sì mọ́ pẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún yín pé òun yóò wò ó sàn títí láé ní ọjọ́ méje, owó yín ni ó ń wá.

KÌ Í RAN ẸLÒMÍRÀN

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kí ó yé gbogbo ènìyàn. Kò sí kòkòrò kankan nínú èépá sọráyásíìsì tí ó lè fò mọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà:

• Kì í ran ènìyàn nípa bíbọ ọwọ́, dídìmọ́ra tàbí sísùn lórí ibùsùn kan náà.
• Kì í ran ènìyàn nípa jíjẹun nínú àwo kan náà tàbí mímu omi nínú ife kan náà.
• Kì í ran ọkọ láti ara ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ran ìyàwó láti ara ọkọ.
• Kì í bá omi ọmú lọ sára ọmọ.
• Kì í ran àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Kì í tún ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àmì pé ẹnìkan jẹ́ onídọ̀tí. Ẹni tí ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ lè ní in.

TA NI Ó LÈ NÍ IN?

Tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin ni ó lè ní in. Ìgbà tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni láàárín ọdún 15 sí 30, tàbí ní nǹkan bí ọdún 50 sí 60. Àwọn tí wọ́n ní in láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa, àwọn dókítà onímọ̀ awọ ara sì ń rí i ní ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2014, ìpàdé àpapọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé àìsàn pàtàkì ni, pé kì í ràn, àti pé ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa la àwọn ará ìlú lóye nípa rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀ káàkiri àgbáyé.

Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Bí òbí kan bá ní in, ó tó ọmọ 1 nínú 10 tí ó lè ní in. Bí òbí méjèèjì bá ní in, ewu náà pọ̀ sí i, ó lè súnmọ́ 1 nínú 2. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jogún ìwà yìí nínú ẹ̀jẹ̀ tí àìsàn náà kò sì fara hàn lára wọn rárá. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tú ìgbéyàwó ká nítorí rẹ̀.

ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀ LÁRA DÚDÚ

Ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ ní òkè òkun sọ pé àpá rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára òyìnbó. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àpá náà sábà máa ń dúdú ju ara yòókù lọ, tàbí kí ó ní àwọ̀ eérú, tàbí kí ó dà bí àwọ̀ àlùkò. Èépá orí rẹ̀ a máa funfun tàbí kí ó rí bí eérú, a sì máa dán díẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Bí a bá fi èékánná họ ọ́, èépá náà a máa já bọ́ bí ẹ̀fun, ẹ̀jẹ̀ kíkán tín-ín-tìn-ìn-tín sì lè yọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ibi tí ó fẹ́ràn jù nìyí:

• orí ìgúnpá àti iwájú orúnkún;
• ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lókè ìdí;
• awọ orí, pàápàá létí irun, ní iwájú orí àti lẹ́yìn etí;
• èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, tí ó lè ní ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ gún un, tàbí kí ó nípọn, kí ó sì ṣí kúrò lórí ẹran;
• abíyá, abẹ́ ọmú àti abẹ́ itan, níbi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní èépá, ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ a máa dán, tí a sì máa ta.

Ó lè yún, ó lè ta, awọ ibẹ̀ sì lè sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Irú kan wà tí ó máa ń yọ lójijì lára ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí ó wẹ́wẹ́ bí ẹ̀kán omi òjò ní gbogbo àyà àti ẹ̀yìn. Èyí sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀fun dídùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Bí ọmọ yín bá sọ pé ọ̀fun ń dun òun, tí irú nǹkan báyìí sì tẹ̀lé e, ẹ sọ méjèèjì fún dókítà.

Nínú ẹni 10 tí ó ní àìsàn yìí, láti 1 títí dé 3 ni ó lè ní ìrora oríkèé pẹ̀lú rẹ̀. Ìka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ a wú, gìgísẹ̀ a máa dunni, ara a sì le gbandi ní òwúrọ̀ títí di ìgbà tí a bá rìn díẹ̀. Ẹ má ṣe pe èyí ní làkúrègbé lásán, nítorí bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba oríkèé jẹ́ tí kò fi ní ṣe é tún ṣe mọ́.

BÍ Ó ṢE YÀTỌ̀ SÍ ÀWỌN ÀÌSÀN AWỌ ARA YÒÓKÙ

Làpálàpá: Ó sábà máa ń rí bí òrùka, etí rẹ̀ a ga, àárín rẹ̀ a sì mọ́. Ó máa ń ràn, ìpara tí ń pa á sì máa ń wò ó. Àpá sọráyásíìsì nípọn láti etí dé àárín, ìpara làpálàpá kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀tẹ̀: Ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà sábà máa ń hàn yàtọ̀ sí ara yòókù, kì í sì í mọ nǹkan lára dáadáa. Bí a bá fi òwú kàn án, ẹni náà lè má mọ̀. Lójú àpá sọráyásíìsì, ènìyàn a máa mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ní àpá kan tí kò mọ ìfọwọ́kàn, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, nítorí ẹ̀tẹ̀ náà ṣe é wò sàn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń da méjèèjì pọ̀. Ní Yúróòpù pàápàá, ó di ọdún 1841 kí oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Ferdinand von Hebra ní ìlú Vienna tó là á mọ́lẹ̀ pé àìsàn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ara yíyún àwọn ọmọdé: Èyí tí ó máa ń wà nínú kòrófo ìgúnpá àti lẹ́yìn orúnkún, tí ó máa ń ṣomi, tí ó sì máa ń bá ikọ́ fée rìn, ó yàtọ̀ sí èyí. Òkè ìgúnpá àti iwájú orúnkún ni sọráyásíìsì fẹ́ràn.

Ẹ má ṣe dá a pinnu fúnra yín. Dókítà lè ní láti gé awọ tín-ín-tín wò, kí ó tó dá a lójú.

OHUN TÍ Ń RU Ú SÓKÈ

Àìsàn yìí lè sùn lára fún ìgbà pípẹ́, kí nǹkan kan tó jí i. Lára ohun tí ń jí i ni ìwọ̀nyí:

Ọgbẹ́ ara. Níbi tí ara bá ti bó, tí ó ti jóná, tàbí tí abẹ ti kàn án, àpá tuntun lè yọ níbẹ̀. Nítorí náà, gbẹ́rẹ́ sísín kò dára fún ẹni tí ó ní sọráyásíìsì. Ibi tí a bá sín gbẹ́rẹ́ sí náà ni àpá lè gbà yọ. Okùn aṣọ tí ó há jù àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ń ha ara lè ṣe bákan náà.

Àwọn oògùn kan. Kílórókúìn, tí gbogbo wa ti lò rí fún ibà, lè ru ú sókè. Ní ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti yí oògùn ibà padà sí àwọn tuntun tí a pa oògùn méjì pọ̀ sínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń ra kílórókúìn lò. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan àti oògùn ọpọlọ kan lè ṣe é pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dúró fúnra yín o. Dókítà ni kí ẹ sọ fún, kí ó bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Ìrònú àti hílàhílo. Ọ̀fọ̀, gbèsè, ìjà inú ilé àti àìsùn a máa ru ú sókè. Bí àìsàn náà bá sì gbòde, ìrònú a tún pọ̀ sí i.

Ọtí àti sìgá. Àwọn méjèèjì ń mú un le sí i, wọ́n sì ń dí oògùn lọ́wọ́.

Kòkòrò HIV. Bí sọráyásíìsì bá ṣàdédé yọ lára àgbàlagbà pẹ̀lú agbára tí ó kọjá àlà, dókítà lè ní kí ó ṣe àyẹ̀wò HIV. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tí ó ní sọráyásíìsì ni ó ní HIV.

ÌTỌ́JÚ NÍNÚ ILÉ

Iṣẹ́ kìíní ni kí a mú kí awọ rọ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kí ó má gbóná jù. Ẹ lo ọṣẹ tí kì í ta ara. Ẹ má ṣe fi kànrìnkàn líle tàbí òkúta họ èépá náà kúrò. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fi aṣọ tẹ omi ara náà gbẹ, ẹ má ṣe fà á nù. Kí ara tó gbẹ tán ni kí ẹ fi fasilíìnì tàbí òrí tí ó mọ́ pa á. Òrí tí àwọn ìyá wa ti ń lò láti ayébáyé wúlò níhìn-ín, nítorí ó ń dá omi dúró sínú awọ. Ẹ máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, yálà àpá wà tàbí kò sí, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Fún awọ orí, ẹ fi òróró rẹ èépá kí ó rọ̀ kí ẹ tó fọ orí. Ẹ má ṣe fi òòyà ha á. Ẹ sọ fún onídìrí kí ó má di irun le jù, kí ẹ sì yẹra fún ìpara tí ń mú irun nà nígbà tí egbò bá wà lórí.

Oòrùn àárọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lè ṣe àpá náà ní rere, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jókòó sínú oòrùn ọ̀sán títí ara yóò fi jó. Ẹ gé èékánná kúrú, kí ara má baà bó nígbà tí ó bá yún yín.

ÌTỌ́JÚ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ yín. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì. Irú èyí wà ní UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn dókítà onímọ̀ awọ ara wà.

Ìpara ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìpara tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, tí ń paná ìjà inú awọ. Ìpara kan wà tí a ṣe ní àfijọ fítámì D, tí ń mú kí awọ dẹ ìrìn. Òmíràn ní ọ̀dà èédú nínú. Ó ń rùn díẹ̀, ó sì ń kó àbààwọ́n bá aṣọ, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Òmíràn ń mú kí èépá ṣí, kí oògùn lè rí ọ̀nà wọlé.

Báwo ni ìpara sítẹ́rọ́ìdì yóò ti pọ̀ tó? Ẹ fún un jáde láti orí ìka ìfábẹ̀lá dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka náà. Èyí tó fún ibi tí ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì. Ẹ fi pa ojú àpá nìkan, kì í ṣe gbogbo ara. Ẹ má ṣe fi èyí tí ó lágbára pa ojú, abíyá tàbí abẹ́ itan, ẹ má sì ṣe lò ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìpadà sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ó bá ti gba ibi púpọ̀ lára, dókítà lè fi ìtànṣán iná àkànṣe tọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó sì lè fún yín ní oògùn mímu tí ń jẹ́ methotrexate. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó fún àìsàn yìí. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára páálí oògùn náà. Dókítà yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ó lè mọ bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ti ń ṣe. Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun wà tí ń ṣiṣẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n púpọ̀.

Ìtọ́jú yìí ń fẹ́ sùúrù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àpá bá sì lọ tán, ojú ibẹ̀ lè dúdú tàbí kí ó funfun fún oṣù mélòó kan. Kì í ṣe àìsàn náà ni ó kù; àwọ̀ ara ni kò tíì padà bọ̀ sípò.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

• Ẹ má ṣe fi ìpara tí ń bóra tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sítẹ́rọ́ìdì líle tí a kò kọ sára rẹ̀. Ara lè kọ́kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n awọ yóò fẹ́lẹ́, yóò sì fà ya. Bí ẹ bá sì dá a dúró lójijì, àìsàn náà lè padà pẹ̀lú agbára ìlọ́po méjì.
• Ẹ má ṣe ra oògùn sítẹ́rọ́ìdì mímu tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì tàbí àwọn tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀.
• Ẹ má ṣe da omi bátìrì, kẹrosíìnì tàbí oje ewé tí ń jóni sí i.
• Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti mọ́, láìsọ fún dókítà.

ABOYÚN ÀTI ÌYÁ ỌLỌ́MỌ

Sọráyásíìsì kì í dí oyún lọ́wọ́. Lára ọ̀pọ̀ aboyún, àpá náà a tilẹ̀ dínkù nígbà tí oyún bá wà nínú, a sì tún lè padà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ sọ fún àwọn tí ń tọ́jú aboyún nípa gbogbo oògùn tí ẹ ń lò.

Obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún nígbà tí ó bá ń lo methotrexate, kò sì gbọdọ̀ lóyún títí ó kéré tán oṣù 6 lẹ́yìn tí ó bá dá a dúró, nítorí ó lè ṣẹ́ oyún tàbí kí ó ba ọmọ inú jẹ́. Òmíràn tí ń jẹ́ acitretin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 3 gbáko ni obìnrin gbọdọ̀ fi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kí dókítà tó kọ ọ́ fún yín, ẹ sọ fún un bí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, kí ẹ sì béèrè fún ìfètò sọ́mọ bíbí.

Ní ti ọmú, ẹ máa fún ọmọ yín lọ́mú. Bí ẹ bá ń lo ìpara, ẹ má ṣe fi pa orí ọmú. Bí ó bá kan ibẹ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò dáadáa kí ọmọ tó mu. Ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lo methotrexate tàbí acitretin.

ÌGBÀ TÍ Ẹ GBỌDỌ̀ SÁRÉ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

• Bí gbogbo ara bá gbóná, tí awọ sì ń bó láti orí dé ẹsẹ̀, tí òtútù sì ń mú ẹni náà.
• Bí èso kéékèèké tí ó ní ọyún bá bo ara, pẹ̀lú ibà. Pàápàá bí aboyún bá ni.
• Bí oríkèé bá wú, tí ó sì ń dunni.
• Bí ẹni náà bá ń sọ pé ayé ti sú òun. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, ẹ má sì ṣe fi òun nìkan sílẹ̀.

Ẹni tí ó ní sọráyásíìsì a máa tètè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn ju ẹlòmíràn lọ. Kí ó máa yẹ ìfúnpá àti ṣúgà ara rẹ̀ wò déédéé, kí ó má sì jẹ́ kí ara òun sanra jù.

IṢẸ́ TI ÀWỌN ARÁ ILÉ

Ìtìjú ni ó ń jẹ ẹlòmíràn níyà ju àpá lọ. Ẹ bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ẹ bá a fi ìpara pa ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ẹ lọ ṣàlàyé fún olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà lé e kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá ilé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyàwó yín ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ rí dókítà lọ́sẹ̀ kejì. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ni nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera náà ti pe ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó, tí ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá àgbà náà dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, “Ìyàwó mi, gba ọmọ rẹ. Àìmọ̀ ni.” Omi ọmú kò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń fà á lemọ́lemọ́ ni ó ń padà bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá fún ìwọ̀n ọmọ, ọmọ náà ti sanra díẹ̀. Àpá ṣì wà ní ìgúnpá ìyá rẹ̀, kò tíì lọ tán. Ṣùgbọ́n bùbá alápá kúkúrú ni ó wọ̀ wá lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì pọn ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ fún aládùúgbò yín kà. Ìlera lọrọ̀.